Aago ti padà sẹ́yìn o: ẹ̀rọ wo lẹ ń lò gan-an nígbà ìwọ́wé yìí?

Ọmọ-Aláró, Leeds

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin tèmi. Alẹ́ Sátidé ni aago padà sẹ́yìn, òkùnkùn sì ti gba ìlú mọ́ wa lọ́wọ́. Tí mo bá fi máa jáde níbi iṣẹ́ láago 5, iná ojú títì ti tàn, ewé tó já sílẹ̀ ti rin gbingbin, ojú ọ̀nà ń yọ̀ bí ilá.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni mo bá wá. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ àtẹ̀gùn kí n lè wá súwẹ́tà àwọn ọmọ, bí gbogbo ẹrù tí mo ti ń rà lọ́dọọdún tí òtútù bá ti dé ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í já lé mi lẹ́sẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń ki ẹsẹ̀ bọ̀, kó lè fi omi gbígbóná wọ́ ọ. Àtùpà tó ń mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ bíi pé ilẹ̀ ń mọ́, kó lè jí èèyàn. Ìkòkò iná tó ń rọra se ẹran láti àárọ̀ títí tí mo fi máa dé. Ìkòkò yẹn nìkan ni mò ń lò tọkàntọkàn: màá da ṣàkì àti bọ̀kọ́tọ̀ sí i kí n tó jáde, nígbà tí mo bá dé ó ti rọ̀. Eruku làwọn yòókù ń jẹ.

Bàbá àwọn ọmọ ní àwọn ò fẹ́ rí páálí kankan lẹ́nu ọ̀nà mọ́ títí di Kérésì. Mo ní mo ti gbọ́. Àmọ́ ẹ bá mi sọ òótọ́: ẹ̀rọ wo lẹ rà tó ń jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an? Kí lẹ sì ń fọwọ́ ṣe lálẹ́ gígùn báyìí? Ẹ má sọ pé fíìmù lẹ ń wò o. Èmi náà ń wò ó.

Akẹ́kọ̀ọ́-Tuntun, Glasgow

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ìgbà ìwọ́wé mi àkọ́kọ́ rèé. Mi ò ní ẹ̀rọ kankan ju kẹ́tùlù lọ, àti hítà kékeré tí mo bá nínú yàrá. Ìṣòro tèmi ni pé ògiri yàrá mi ń làágùn. Mo sún wọ́dúróòbù, mo rí nǹkan dúdú tó ti hù sẹ́yìn rẹ̀, òórùn rẹ̀ ti wọ kóòtù mi. Onílé ní kí n máa ṣí fèrèsé. Ẹ gbà mí, fèrèsé wo ni kí n ṣí nínú òtútù yìí? Bí mo bá fọ jíǹsì, á pẹ́ lára okùn títí, kó tó gbẹ á ti máa rùn.

Ẹnì kan ní kí n ra dehumidifier, ẹ̀rọ tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́, ẹlòmíì ní igi ìsáṣọ tó ń gbóná ló dáa. Èwo ni kí n rà? Owó ọwọ́ mi ò pọ̀ o. Nǹkan mìíràn tún ni fóònù mi: á fi 40% hàn nílé, bí mo bá yọ ọ́ síta níbi tí mo ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, á kú pátápátá.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Birmingham

Káàbọ̀, àbúrò. Jẹ́ kí n là á fún ọ.

Omi tó wà lára jíǹsì rẹ ò bá ibì kankan lọ, inú afẹ́fẹ́ yàrá ló wọ̀. Afẹ́fẹ́ tó gbóná lè gbé omi púpọ̀; bó bá ti fara kan ògiri tútù, kò ní lè gbé e mọ́, á sọ ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn wọ́dúróòbù, níbi tí ooru kì í dé, lo ti bá nǹkan dúdú. Igi ìsáṣọ tó ń gbóná á gbẹ aṣọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n omi náà ṣì wà nínú yàrá. Bó o bá ra ìyẹn nìkan, ògiri lò ń bomi rin.

Dehumidifier ní tirẹ̀ ń fa omi yẹn jáde sínú ike tó wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan wà tó ní kọ̀ńpírẹ́sọ̀ irú ti fìríìjì. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa níbi tó bá móoru díẹ̀, àmọ́ bí yàrá bá tutù jù, iṣẹ́ rẹ̀ á wálẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní desiccant kò bìkítà fún òtútù, ó tún ń tú ooru díẹ̀ síta, ṣùgbọ́n ó ń jẹná ju ti àkọ́kọ́ lọ. Yí i padà, ka iye watt tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ 200 watt, wákàtí 5 ló máa fi jẹ yúnìtì 1. Kẹ́tùlù tó jẹ́ 3,000 watt á jẹ yúnìtì 1 láàárín 20 ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n ta ló ń se omi tíì fún 20 ìṣẹ́jú? Hítà kékeré yẹn gan-an ni kó o máa ṣọ́. Ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ 2,000 watt, èèyàn sì máa ń tàn wọ́n kalẹ̀ kó gbàgbé.

Kó o tó náwó rárá, sún wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá. Dé ìkòkò bó o bá ń se nǹkan. Lẹ́yìn ìwẹ̀, ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, kó o ṣí fèrèsé ibẹ̀ fúngbà díẹ̀. Òótọ́ díẹ̀ wà lẹ́nu onílé rẹ, àmọ́ tó bá jẹ́ pé òjò ló ń gba ara ògiri wọlé, fèrèsé kọ́ ló máa tán an. Ya fọ́tò rẹ̀, kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, kí ẹ̀rí wà nílẹ̀. Nǹkan dúdú yẹn, má fi ìgbálẹ̀ gbá a ní gbígbẹ o. Bo imú rẹ, fi aṣọ tútù nù ún.

Ìbàdàn-Ni-Mo-Wà, Ìbàdàn

Ẹ ò ní fẹ̀rín pa mí. Ẹ ń fowó ra ohun tó ń fa omi inú afẹ́fẹ́! Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ wá gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ẹ sá jíǹsì láàárọ̀, kó tó di ọ̀sán á ti gan paali. Ètè yín náà á là, àmọ́ òrí wà.

Ẹ dákun, ṣé òótọ́ ni pé ẹ̀yin náà ń ra iná sórí mítà? Àbúrò mi ní London ní iná òun ti fẹ́ tán, mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni.

Ọmọ-Aláró, Leeds

Òótọ́ ni, ẹ̀gbọ́n. Àwọn kan ń gbé káàdì tàbí kọ́kọ́rọ́ kan lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á kówó sí i, wọ́n á gbé e wálé wá ki bọ mítà. Tiyín tẹ́ ẹ ń tẹ nọ́ńbà 20 láì kúrò nílé tiẹ̀ dẹrùn jùyẹn lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé tiwa, bówó bá ti wà lórí rẹ̀, iná wà.

Ofgem, àjọ tó ń ṣọ́ àwọn tó ń ta iná, ló ń sọ iye tó pọ̀ jù tí wọ́n lè gbà lórí yúnìtì kan. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń yí i. Èyí tó ń bẹ̀rẹ̀ ní 1 Ọ̀kìtóbà ló máa ń dùn wá jù, torí ìgbà yẹn gan-an la ń tan hítà. Òrí ńkọ́? Tiwa níbí ti le, ṣíbí ni mo fi ń ha á nínú agolo, màá pa á láàárín àtẹ́lẹwọ́ kó tó lè wọra.

Baba-Aago, Peckham

Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀yin ọmọ mi.

Àwa tá a ti pẹ́ níbí mọ̀ pé Sọ́ńdè tó gbẹ̀yìn oṣù Ọ̀kìtóbà nìkan làwọn èèyàn wa máa ń tètè dé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tí kò yí aago rẹ̀ á fi wákàtí kan ṣáájú àlùfáà débẹ̀, á bá ilẹ̀kùn ní títì, tòun ti gèlè lórí. Ní Máàṣì, ẹni yẹn kan náà á wọlé nígbà tí wọ́n bá ń ṣe oore-ọ̀fẹ́. Fóònù tó ń yí ara rẹ̀ ti ba eré yẹn jẹ́ fún wa.

Ohun tí mo fẹ́ràn láyé mi ni aago. Èyí tó wà lógiri pálọ̀ mi ní rédíò kékeré kan nínú tó ń gbọ́ àmì àkókò tí wọ́n ń tàn káàkiri láti Anthorn ní Cumbria, lórí 60 kHz. Rugby ni àmì náà ti ń wá títí di 2007. Mo jókòó tì í lóru ọjọ́ tí àkókò yí, pẹ̀lú tíì lọ́wọ́. Àwọn ọwọ́ rẹ̀ kò lè yí padà sẹ́yìn, torí náà ṣe ló sáré síwájú, ó gba wákàtí 11 kọjá, ó wá dúró síbi tó yẹ. Ìyàwó mi yọjú láti yàrá, wọ́n wò mí, wọ́n padà lọ sùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní aago àtijọ́ tó ń lù, ẹ má fọwọ́ dá a padà o, ẹ lè ba irin tó ń ka ìlù rẹ̀ jẹ́. Ẹ dá pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rẹ̀ dúró fún wákàtí kan, kẹ́ ẹ wá tì í kó máa lọ. Ẹ má sì gbé aago oníná láti Amẹ́ríkà wá sílé. Àwọn àtijọ́ tó ń fi iná ka àkókò, 60 ìgbà ni iná ọ̀hún ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Tibí àti ti Nàìjíríà jẹ́ 50. Ẹ ìbáà fi tiransifọ́mà sí i, ìṣẹ́jú 10 ló máa fi sẹ́yìn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan.

Nàìjíríà kì í yí aago. Láti ìparí Máàṣì dé ìparí Ọ̀kìtóbà, àkókò kan náà la jọ ń lò. Láti ìsinsìnyí lọ, wọ́n fi wákàtí kan ṣáájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Abẹ́òkúta máa ń sùn láago 9. Ẹni tó bá pè wọ́n láago 8:30 tibí ti jí wọn lójú oorun nìyẹn, wọn kì í sì í gbé e mì.

Ìwọ ọmọ Glasgow, bátìrì rẹ ò bàjẹ́. Òtútù máa ń dí bátìrì lítíọ́ọ̀mù lọ́wọ́, bó bá móoru tán agbára rẹ̀ á padà. Àpò tó súnmọ́ àyà ni kó o máa fi sí. Bó o bá wọlé láti inú òtútù tó ń dì, má kì í bọ ṣájà lójú ẹsẹ̀. Jẹ́ kó kọ́kọ́ yá gágá.

Ọmọ-Ọ̀yọ́, Houston

Ẹ kú o, bàbá. Tiwa di Sọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Nòfẹ́ńbà, láti 2007 ló ti rí bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ọ̀sẹ̀ tó wà láàárín yìí máa ń da gbogbo ẹbí rú: London tó fi wákàtí 6 ṣáájú wa á di 5, Èkó ṣì wà ní 6, bí tiwa bá wá yí tán, Èkó á di 7. Ẹ wá wo ìpàdé ẹbí lórí Zoom. Àdúrà ìparí lẹlòmíì ń bá.

A ò tíì rí òtútù tiyín yẹn. Fáànù ṣì ń fẹ́ lórí mi bí mo ṣe ń tẹ èyí. Igi pecan tó wà lẹ́yìnkùlé ló ń sọ fún mi pé ìgbà ìwọ́wé ti dé, òun náà ni igi tí ìpínlẹ̀ Texas fi ṣàmì ara rẹ̀. Èso rẹ̀ á máa já lu òrùlé ọkọ̀ mi, kọ́ọ́, kọ́ọ́. Èmi àtàwọn ọ̀kẹ́rẹ́ la jọ ń dù ú. Ẹ̀ka tí ìjì bá ṣẹ́, màá gé e wẹ́wẹ́, màá sá a títí á fi gbẹ, òun ni mò ń fi yan ẹja àrọ̀.

Ẹ̀rọ tó ń jẹ́ iṣẹ́ tí mo rán an ni irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń gún sínú ẹran, tó ń sọ bó ṣe gbóná tó fún fóònù. Mo lè jókòó ti bọ́ọ̀lù, bí iná bá ń kú lọ á pariwo. Màmá mi tó wá kí wa bi mí pé ṣé ojú mi fọ́ ni. Wọ́n ṣí ìdérí, wọ́n fi ìka kan ẹja, wọ́n ní ó ti jinná. Ẹ̀rọ ní kò tíì dé 63°C. A yọ ọ́. Màmá ló mú orí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì-Alẹ́, Luton

Ẹ̀gbọ́n Leeds, ẹ fojú di àtùpà àárọ̀ yẹn. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ òru, aago 4 ìrọ̀lẹ́ ni mò ń jí, inú òkùnkùn. Aago tó ń han létí mi máa ń mú kí àyà mi já. Àtùpà yẹn ló jẹ́ kí n lè máa dìde láìbínú sí ẹnikẹ́ni. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á, ẹ dárúkọ iye.

Fún gbogbo wa: ìjọba níbí ní kí olúkúlùkù ronú nípa lílo fítámì D, 10 máíkírógíráàmù lójúmọ́, láti Ọ̀kìtóbà títí wọ ìbẹ̀rẹ̀ Máàṣì. Àwa aláwọ̀ dúdú, gbogbo ọdún ni wọ́n ní ká máa rò ó fún. Oòrùn ibí ò tó awọ wa.

Ọmọ-Aláró, Leeds

Mi ò tà á mọ́. Ẹ ti jẹ́ kójú mi là sí i.

Máṣíìnì-Ìyá-Àgbà, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní kí la ń fọwọ́ ṣe. Máṣíìnì ìránṣọ àtijọ́ lèmi ń tún ṣe. Kì í ṣe oníná o. Singer dúdú tí wọ́n ya òdòdó aláwọ̀ wúrà sí lára, tí wọ́n ń fọwọ́ yí, irú èyí tí ọ̀pọ̀ wa bá nílé ìyá-ìyá wa. Wọ́n pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ẹrù àlòkù fún iṣẹ́ àánú. Wọn kì í wọ́n, torí wọ́n wúwo débi pé kò sẹ́ni tó fẹ́ gbé e wọ bọ́ọ̀sì.

Èyí tó wà níwájú mi jẹ́ 99K. K yẹn, Kilbowie ni, iléeṣẹ́ Singer tó wà ní Clydebank lẹ́gbẹ̀ẹ́ Glasgow. Wọ́n tì í pa ní 1980. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èyí tó dé ọ̀dọ̀ wa láyé ọjọ́un ti wá.

Nígbà tí mo gbé e délé, kò yí rárá. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Òróró àtijọ́ ló gbẹ sínú rẹ̀, tó di gọ́ọ̀mù. Mo dà á dùbúlẹ̀, mo ń kán karosíìnì díẹ̀díẹ̀ sí gbogbo oríkèé tí irin ti ń gún irin, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, mo rọra mì í síwá sẹ́yìn. Ní ọjọ́ kejì ó jẹ́ díẹ̀. Mo tún kán an sí i. Bó ṣe já, ńṣe lomi dúdú ń ṣàn jáde lára rẹ̀. Mo nù ún tán kí n tó fi òróró máṣíìnì tòótọ́ sí i. Ẹ má fi òróró ìdáná sí i láéláé, òun náà á tún gbẹ.

Ibi tí mo fẹ́ràn jù ni abẹ́ irin pẹlẹbẹ tí abẹ́rẹ́ ń gún kọjá. Mo tú ìṣó méjì rẹ̀, mo ṣí i, mo bá ìhùùhù òwú tó ti ki pọ̀, ó le. Mo fi abẹ́rẹ́ yọ ọ́ ní ìpele ìpele. Funfun ló wà lókè, búlúù tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà pupa rẹ́súrẹ́sú, bọ́tìnnì kan sì wà nísàlẹ̀ pátápátá. Obìnrin kan ti fi ọdún gbọọrọ rán nǹkan sórí rẹ̀, mi ò mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n mo mọ aṣọ tó rán ṣáájú àti èyí tó rán kẹ́yìn.

Ohun tó mú un dára fún alẹ́ ni pé ọwọ́ ọ̀tún ló ń yí i, ọwọ́ òsì nìkan ló kù láti darí aṣọ. O ò lè sáré, o ò sì lè di fóònù mú. Kọ́tìnnì onípele ni mò ń rán báyìí, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sáàárín rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fèrèsé má bàa wọlé.

Ìbàdàn-Ni-Mo-Wà, Ìbàdàn

Ẹ dúró ná, ẹ dúró ná! Irú rẹ̀ gan-an ló wà lórí pẹpẹ nílé màámi l'Ókè-Àdó. Ìkòkò òdòdó la gbé lé e. Kò yí mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti ṣíwọ́ iṣẹ́. Télọ̀ tó wà ládùúgbò ní òun máa rà á ní owó irin. Ṣé kí n ṣì gbìyànjú ẹ̀?

Máṣíìnì-Ìyá-Àgbà, Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún télọ̀ pé kò sí lọ́jà. Ẹ gbé ìkòkò òdòdó sọ̀ kalẹ̀, omi rẹ̀ ló ń jẹ ẹ́ lára. Karosíìnì, sùúrù, òróró máṣíìnì. Bẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ padà wá jábọ̀.

Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Birmingham

Tèmi ò gba sùúrù tó báyẹn. Oko ni. Mo ní ilẹ̀ kékeré tí káńsù ń háyà fún èèyàn, ẹ̀fọ́ wa ni mò ń gbìn síbẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tẹ̀tẹ̀ ò mọ òtútù í fara dà. Òru tí ìrì dídì bá kọ́kọ́ bọ́, ẹ ó jí bá gbogbo rẹ̀ tó ti dúdú, tó ti rọ́lẹ̀ wọ̀ọ̀. Torí náà, kí òtútù tó dé ni mo ti ń gé orí rẹ̀ tó ti gbó. Mo máa ń pa á láàárín ọwọ́ sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, màá fi ẹnu fẹ́ ìyàngbò rẹ̀ dànù, hóró dúdú tíntìntín tó ń dán á kù sílẹ̀. Èyí tó wà nínú ìgò kékeré kan tó láti gbin gbogbo ojú ilẹ̀ yẹn lọ́dún tó ń bọ̀.

Ohun tí mò ń gbìn báyìí ni aáyù. Ó nílò òtútù kó tó lè pín sí ẹ̀là ẹ̀là nínú ilẹ̀. Ẹni tó bá dúró di ìgbà ooru lè wú odindi kan tí kò pín rárá. Ewé tó ń dààmú yín lójú títì yẹn, èmi ń kó tèmi sínú àpò ike dúdú, mo dá a lu, mo bomi rin ín, mo sọ ọ́ sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì. Bó bá ṣe ọdún kan tàbí méjì, ó ti di iyẹ̀pẹ̀ dúdú tó ń ta sánsán.

Ẹ má gbàgbé elégédé o. Bí 31 Ọ̀kìtóbà bá ti kọjá, àwọn ṣọ́ọ̀bù á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fi tọrẹ. Èyí ńlá tí wọ́n ń gbẹ́ ojú sí lára kò dùn, omi lásán ni, ẹ ra àwọn kékeré tí inú wọn ki. Ṣùgbọ́n ẹ kó kóró inú ńlá yẹn. Mo mọ ẹni tó ń bó o, tó ń lọ̀ ọ́ bí kò bá rí ẹ̀gúsí. Ọwọ́ rẹ̀ ń ro ó kó tó bó o tán, ọbẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọbẹ̀.

Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa bọ́ sí oṣù yìí náà. Iṣu, àpótí ọṣẹ, góńgónì wàrà, gbogbo rẹ̀ lórí tábìlì. Wọ́n ta ìdì tẹ̀tẹ̀ mi tó kẹ́yìn ní gbàǹjo, àwọn méjì bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó lé owó nítorí ẹ̀fọ́ tí wọ́n lè rà ní ọjà. Iye tó lọ, mi ò ní sọ ọ́ síbí, torí ọkọ ẹni tó rà á ń ka ibí.

Baba-Aago, Peckham

Ẹni tí kò ní oko, kó ní rédíò. Ẹ wá asọ̀rọ̀mágbèsì àtijọ́ tó ní midíọ́ọ̀mù wéèfù. Lọ́sàn-án, oòrùn máa ń mú kí ìpele kan lójú òfúrufú gbé ìgbì rẹ̀ mì. Bí oòrùn bá wọ̀, ìpele yẹn á tú ká, ìgbì á ròkè lọ kan èyí tó ga jù ú lọ, á tàn padà sílẹ̀ níbi tó jìnnà. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó di òru kí n tó gbọ́ àwọn ará Sípéènì. Nísinsìnyí, mo ti ń gbọ́ wọn kí wọ́n tó gbé oúnjẹ alẹ́ mi wá. Mi ò gbọ́ èdè wọn. Bọ́ọ̀lù ni wọ́n sábà máa ń sọ, èèyàn sì mọ góòlù ní èdè gbogbo.

Bó bá ń han ṣáá, ẹ má bú rédíò. Ẹ yọ ṣájà fóònù kúrò lára ògiri, kẹ́ ẹ pa gílóòbù LED kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi mọ èyí tó ń pariwo. Nílé mi, ṣájà burọ́ọ̀ṣì ìfọyín ìyàwó mi ni. Ẹjọ́ yẹn ṣì wà nílẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́-Tuntun, Glasgow

Ẹ ṣé gan-an ni, ẹ̀gbọ́n Birmingham. Mo ra desiccant àlòkù lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń kó lọ. Mo tì í sínú yàrá pẹ̀lú aṣọ tí mo fọ̀, mo tilẹ̀kùn, mo lọ kàwé ní láíbìrì. Nígbà tí mo dé, ike rẹ̀ ti kún dé ìlà, ó ti pa ara rẹ̀. Gbogbo omi yẹn ni mo ti ń mí sínú! Jíǹsì ti gbẹ. Onílé náà ti fèsì fọ́tò, ó ní òun á rán ẹni tó máa wo ọ̀sọ̀rọ̀ òrùlé wá, torí náà ó jọ pé omi òjò wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn lóòótọ́.

Ẹnì kan tún ń ta bùláńkẹ́ẹ̀tì oníná fún mi. Ṣé kí n rà á?

Nọ́ọ̀sì-Alẹ́, Luton

Má ra àlòkù ìyẹn o, àbúrò. Wáyà tó wà nínú rẹ̀ máa ń ṣẹ́ níbi tí wọ́n bá ti ká a, iná á wá máa kó jọ sójú kan. Tuntun ni kó o rà, kò jẹná púpọ̀. Bó o bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́, ká a róbótó, má ṣẹ́ ẹ po.

Ìbàdàn-Ni-Mo-Wà, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, ìròyìn dé. Mo kán karosíìnì sí máṣíìnì màámi. Wíìlì ńlá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ń yí! Màámi gbọ́ ìró rẹ̀ láti ilé ìdáná, wọ́n ní ta ló ń rán aṣọ. Abẹ́rẹ́ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀, àmọ́ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó dé ìsàlẹ̀, nǹkan kan ń dá a dúró gbàgà. Mo fẹ́ fi hámà rọra kàn án.

Máṣíìnì-Ìyá-Àgbà, Manchester

Ẹ̀gbọ́n! Ẹ gbé hámà sílẹ̀. Ibi tí bọ́bììnì ń gbé ni ọ̀rọ̀ wà. Bó bá jẹ́ òwú ló lọ́ mọ́ ìdí rẹ̀, ẹ ó rí i bẹ́ ẹ bá fa irin pẹlẹbẹ tó bo ibẹ̀ kúrò. Ẹ kọ́kọ́ yọ abẹ́rẹ́ kúrò, kẹ́ ẹ wá yí i lẹ́ẹ̀kan sí i. Bó bá yí láìsí abẹ́rẹ́, a jẹ́ pé abẹ́rẹ́ ló wọ́, ẹ̀yin ẹ ra tuntun. Bí kò bá yí, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí abẹ́ rẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò rẹ̀ síbí kí n wò ó.